Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ilé mi ò gbà pé mo ní ADHD

Ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mò ń gbé. Dókítà ní ADHD, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tó máa ń jẹ́ kó ṣòro féèyàn láti pọkàn pọ̀, ló ń bá mi jà láti kékeré. Ó béèrè káàdì èsì ìdánwò mi àtijọ́, torí àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa hàn kéèyàn tó pé ọmọ ọdún 12. Ohun kan náà ni àwọn tíṣà ń kọ síbẹ̀ lọ́dọọdún: ọpọlọ rẹ̀ pé, àmọ́ kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́.

Màmá mi ní Ìbàdàn ní ìmẹ́lẹ́ ni, kí n lọ gbààwẹ̀. Ọkọ mi ní ẹni tó lè jókòó ránṣọ mọ́jú ò lè sọ pé òun ò lè fọkàn sí nǹkan. Bẹ́ẹ̀, ara ADHD gan-an nìyẹn! Ohun tó bá wù mí á gbé mi lọ pátápátá, màá sì gbàgbé owó iná.

Oògùn methylphenidate tí dókítà kọ fún mi ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an, àmọ́ ìkọ̀kọ̀ ni mo ti ń lò ó, torí oògùn olóró ni wọ́n ń pè é. Ó ń dùn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, báwo lẹ ṣe ṣàlàyé fún òbí yín tó fi yé wọn? Ṣé kí n mú ọkọ mi lọ bá dókítà, àbí kí n ṣì ní sùúrù?