Ìdìmẹ́jọ kọ́ ni báìtì

Àbá tí ó wà níwájú wa lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ní èdè Yorùbá ni pé kí a pa bíìtì (0 tàbí 1 kan ṣoṣo, ìwọ̀n dátà tí ó kéré jù lọ) àti báìtì (àkójọ bíìtì, tí ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́jọ lónìí) tì, kí a máa pe àkọ́kọ́ ní "ẹyọ", kí a sì máa pe ìkejì ní "ìdìmẹ́jọ". Ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ń fi bíìtì ka dátà tí ń gba orí wáyà kọjá, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ ìpamọ́ àtijọ́ ń fi báìtì ka tiwọn, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣírò láti ọ̀dọ̀ èkíní sí ìkejì sì lè rí i nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ pé mẹ́jọ ni yóò fi pín in. Èrò náà dára. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbé e jáde ni n kò fara mọ́, nítorí pé ó kọsẹ̀ nínú gírámà, ó sì tún kọsẹ̀ nínú ìṣirò.

Bí ẹnìkan bá sọ pé òun gba ìdì mẹ́jọ, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò rò pé ìdì kan ṣoṣo, tí nǹkan mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, ni ó gbà. Nọ́ńbà tí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-orúkọ náà ni ó ń kà. Pé a lẹ méjèèjì pọ̀ lórí ìwé kò yí èyí padà létí ẹni tí ń gbọ́ ọ, a ó sì há tán pátápátá nígbà tí a bá fẹ́ sọ pé "ìdìmẹ́jọ mẹ́jọ". Nígbà tí èdè wa bá fẹ́ sọ pé nǹkan kan ní iye báyìí lára, "oní-" ni ó máa ń lò: onígun mẹ́ta, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, olóhùn mẹ́ta. Lójú ọ̀nà yìí, "oníbíìtì mẹ́jọ" ni a bá sọ. Ní ti "ẹyọ", iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Bí a bá kọ "ẹyọ 64,000", òǹkàwé yóò béèrè pé ẹyọ kí ni.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ tún gírámà ṣe, oníbíìtì mẹ́jọ kò tíì di báìtì. Ní ọdún 1956 tí Werner Buchholz dá ọ̀rọ̀ báìtì sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, kò so ó mọ́ mẹ́jọ. Àwọn téèpù olójú ọ̀nà méje ìgbà náà ń kọ bíìtì dátà mẹ́fà pẹ̀lú bíìtì àyẹ̀wò kan fún àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà System/360, tí IBM kéde ní 1964, ni mẹ́jọ sì tó fìdí múlẹ̀ káàkiri. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ọ̀rọ̀ mìíràn, octet, fún ohun tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́jọ gééré. Octet yìí gan-an ni oníbíìtì mẹ́jọ bá mu. Ẹ jẹ́ kí báìtì máa jẹ́ báìtì.

Ewu tí ó tún wà nínú ọ̀rọ̀ tí ó ti sọ mẹ́jọ sórí ara rẹ̀ ni pé òǹkàwé yóò máa fi mẹ́jọ pín ohun gbogbo. Lórí wáyà tí ó so kọ̀ǹpútà mọ́ módẹ̀mù àtijọ́ (ẹ̀rọ tí ń gbé dátà gba ìlà tẹlifóònù), bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ kan a máa ṣáájú báìtì kọ̀ọ̀kan, bíìtì ìparí kan a sì máa tẹ̀lé e, ó di mẹ́wàá. Nítorí náà bíìtì 9,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju báìtì 960 lọ, kì í ṣe 1,200. Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ nínú SATA àkọ́kọ́ (ìlànà wáyà tí ó so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà), níbi tí wọ́n ti ń fi bíìtì mẹ́wàá gbé mẹ́jọ kí àmì lè dúró déédéé lórí wáyà: bíìtì 1,500,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan di báìtì 150,000,000 péré.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ti wúlò jù lọ ni "kílò" àti "mẹ́gà", àbá náà kò sì mẹ́nu bà á rárá. Lọ́dọ̀ àwọn ará tẹlifóònù, kílò jẹ́ 1,000, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀: ohùn tí a wọ̀n ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní bíìtì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, ni ó bí bíìtì 64,000. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń ka mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, kílò sábà máa ń jẹ́ 1,024. Dísìkì floppy tí wọ́n kọ 1.44 MB (mẹ́gà-báìtì) sí lára tilẹ̀ da méjèèjì pọ̀, nítorí 1,440 lọ́nà 1,024 ni, èyí tí ó jẹ́ báìtì 1,474,560. Bí a bá fi ìlà tí ń gbé bíìtì 64,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fi í ránṣẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 184.32 ni yóò gbà; ẹni tí ó bá ka mẹ́gà náà sí mílíọ̀nù yóò rí 180. Àjọ IEC, tí ń ṣe ìlànà ẹ̀rọ iná mànàmáná lágbàáyé, ti ya kibi àti mebi sọ́tọ̀ fún 1,024 àti 1,024 lọ́nà 1,024 láti 1998, a kò sì nílò ju kí a kọ wọ́n bí a ti ń pè wọ́n: kíbì, mébì.

Mo gbà pé bíìtì àti báìtì jọra jù létí, fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Ṣùgbọ́n b kékeré (fún bíìtì) àti B ńlá (fún báìtì) burú ju ìyẹn lọ, nítorí náà mo dá a lábàá pé kí a má ṣe gé wọn kúrú nínú ìwé Yorùbá. Kí a kọ ọ́ pé ìlà tẹlifóònù tí wọ́n ń pè ní E1 ń gbé bíìtì 2,048,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí í ṣe oníbíìtì mẹ́jọ 256,000, àti pé ẹ̀rọ CD-ROM àkọ́kọ́ ń ka báìtì 153,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kíbì-báìtì 150. Bí ẹni tí ó dá àbá bá ní ọ̀nà tí "ìdìmẹ́jọ" lè gbà sọ gbólóhùn yìí láìfa ìrújú, kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ ọ́ fún wa.