Ṣé ó bójú mu kí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀-ilé máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ lójú ọ̀nà?

Àdùkẹ́ Houston

Ẹ̀yin ará tí ẹ ti ń wa ọkọ̀-ilé (RV, ọkọ̀ tí ó ní yàrá àti ibùsùn nínú) ní Amẹ́ríkà, mo kí yín o. Ní oṣù Keje tí ń bọ̀, èmi àti ẹbí mi fẹ́ yá ọkọ̀-ilé kan ní Houston, kí a gba ọ̀nà I-10 kọjá San Antonio àti El Paso dé Phoenix, kí a sì ti ibẹ̀ gòkè lọ sí Grand Canyon. Irú èyí tí wọ́n kọ́ sórí Ford E-450 ni, tí ó ní ibùsùn lókè orí awakọ̀. Ìyá mi tí ó wá kí wa láti Ìbàdàn yóò jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà ti sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ tútù tí ń ti dáṣíbọọ̀dù jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ẹ̀yìn, àti pé bí ooru bá mú, kí a tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù orí òrùlé lè máa ṣiṣẹ́ bí a ṣe ń lọ.

Ọkọ mi kò gbà. Ó ní jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tàn nínú ọkọ̀ tí ń sáré. Ìyá mi ní tirẹ̀ rán wa létí pé ní Nàìjíríà, èéfín jẹnẹrétọ̀ ti pa odidi ìdílé mọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé ewu wà níbẹ̀? Báwo ni epo tí yóò jẹ ṣe máa pọ̀ tó, kí sì ni a gbọ́dọ̀ ṣe nígbà tí a bá yà sí ilé epo?

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn àjò, ẹ sì bá mi kí Màmá. Ohun tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ sọ fún yín tọ̀nà. Jẹnẹrétọ̀ tí ó bá ọkọ̀-ilé wá láti ilé iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí à ń gbé sí ẹ̀yìnkùlé ní Ìbàdàn: inú àpótí irin tirẹ̀ ni ó wà, wọ́n ti dè é mọ́ ara ọkọ̀ pinpin, inú táǹkì kan náà ni òun àti ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo, sàléńsà rẹ̀ sì gba abẹ́ ọkọ̀ yọ síta. Àwọn tí wọ́n ṣe é mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò máa tàn án lójú ọ̀nà, ohun tí wọ́n sì ṣe é fún nìyẹn.

Ìdí tí ti dáṣíbọọ̀dù kò fi lè dá a ṣe ni pé iwájú ọkọ̀ nìkan ni wọ́n wọn agbára rẹ̀ fún. Yàrá tí wọ́n kọ́ mọ́ ẹ̀yìn fẹ̀ ju iwájú lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, fèrèsé rẹ̀ sì pọ̀. Ní agbègbè Phoenix, níbi tí ooru oṣù Keje ti sábà máa ń kọjá 100 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ẹni tí ó jókòó níwájú lè máa gbọ̀n nígbà tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ń làágùn. Ti orí òrùlé ní tirẹ̀, tí agbára ìtutù rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 13,500 tàbí 15,000 BTU, iná 120 volt ni ó ń lò, irú iná tí ó wà nínú ilé yín gan-an. Bátìrì tí ó bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá kò lè gbé e.

Ní ti epo, jẹnẹrétọ̀ oníbẹntiróòlù Onan tí ó jẹ́ 4,000 wáàtì ni ó wọ́pọ̀ nínú irú ọkọ̀ yẹn. Bí ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, yóò máa jẹ nǹkan bí ìdajì gálọ́ọ̀nù ní wákàtí kan, bí ẹrù rẹ̀ bá sì kún tán, yóò tó nǹkan bíi 0.7 gálọ́ọ̀nù. Ẹ wá wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tí ń rin nǹkan bíi máìlì 8 sí 10 lórí gálọ́ọ̀nù kan: bí ẹ bá ń sá máìlì 60 ní wákàtí, gálọ́ọ̀nù 6 sí 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò mu. Èyí tí amúlétutù fi kún un kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Owó tí ó lè yà yín lẹ́nu ni ti ìyálò, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yá ni lọ́kọ̀ máa ń ka wákàtí tí a fi lo jẹnẹrétọ̀ lórí mítà rẹ̀, tí wọn yóò sì gbowó lé e. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ohun kan wà tí ó máa ń da ẹni tí kò lò ó rí láàmú. Páìpù tí jẹnẹrétọ̀ fi ń fa epo kì í kan ìsàlẹ̀ táǹkì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e kúrú kí ó má baà fa epo tán kí ọkọ̀ sì dúró sí àárín aṣálẹ̀. Bí epo bá ti ń sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì, jẹnẹrétọ̀ yóò kú fúnra rẹ̀. Ẹ wo gééjì epo kí ẹ tó pe mẹkáníìkì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tàn án, kí amúlétutù wà ní pípa ná. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan títí ìró rẹ̀ yóò fi dọ́gba, kí ẹ tó wá tan amúlétutù, nítorí iná tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń fà nígbà tí ó bá ń gbéra pọ̀ gan-an ju èyí tí ó ń lò lẹ́yìn náà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, amúlétutù ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kí jẹnẹrétọ̀ sì ṣiṣẹ́ lófìfo díẹ̀ kí ara rẹ̀ tutù.

Nọ́ọ̀sì Dallas

Èmi kò ta ko ohun tí Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbè sẹ́yìn Màmá díẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe asán. Carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, agbára tí ó sì fi ń lẹ̀ mọ́ hemoglobin, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti oorun àìròtẹ́lẹ̀ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro sì wà nínú ọkọ̀-ilé, nítorí pé bí ọmọ bá ń bì lójú ọ̀nà, gbogbo wa yóò ní ọkọ̀ ni kò bá a lára mu. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì pe 911.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ń gbá èéfín náà lọ, nítorí náà ewu rẹ̀ kéré sí ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀-ilé tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ sì máa ń yí padà síbẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, débi pé fèrèsé ẹ̀yìn tí a bá ṣí lè fa èéfín wọlé. Ẹ ti fèrèsé ẹ̀yìn pa. Kí ẹ tó gbéra, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdánwò lára ẹ̀rọ tí ń ké bí carbon monoxide bá wọlé, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, nítorí ó máa ń gbó bí ó tilẹ̀ ṣì ń tanná. Ẹ bẹ ẹni tí ó ni ọkọ̀ kí ó tẹrí ba wo sàléńsà jẹnẹrétọ̀ náà níwájú yín. Bí ó bá ti lu tàbí tí ìdè rẹ̀ ti tú, ẹ má tàn án rárá. Ní ti oorun alẹ́, èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni sùn pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ní títàn nínú ọkọ̀ tí ó dúró, nítorí pé èéfín ọkọ̀ ẹlòmíràn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pàápàá lè wọlé tọ̀ yín wá.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ̀yìn bá ti tutù, Màmá yóò fẹ́ lọ na ara lórí ibùsùn. Ẹ má gbà fún wọn. Orí ìjókòó tí ó ní bẹ́líìtì ni kí wọ́n wà.

Bàbá Mẹkáníìkì, Phoenix

Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó wọ ilé epo, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù tán. Sàléńsà rẹ̀ gbóná, ẹ̀rọ náà lè ta iná pàrà, ibi tí èéfín rẹ̀ sì ń gbà jáde nínú àwọn ọkọ̀ kan kò jìnnà sí ẹnu táǹkì. Bí fíríìjì bá ń lo gáàsì, ẹ pa ìyẹn náà. Bí ẹ bá sì dúró sínú koríko gbígbẹ láti jẹun, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀, nítorí ooru sàléńsà lè dáná sun koríko.

Láti Phoenix, I-17 ni ẹ óò gbà lọ sí Flagstaff, tí ó ga tó nǹkan bí 7,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ìtẹ́jú òkun, bẹ́ẹ̀ náà ni etí gúúsù Grand Canyon rí. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó jẹ́ 4,000 wáàtì ní Houston yóò máa ṣe bíi 3,000 lókè yẹn. Amúlétutù kan ṣì lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tan maikirowéfù mọ́ ọn. Ooru ojú ọ̀nà náà tún lè sọ epo di oru, bíi ti omi tí ń hó, nínú páìpù, kí jẹnẹrétọ̀ wá máa kọ̀ṣẹ́; bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa á fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ máa yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò láràárọ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ayálò kì í sì rántí rẹ̀.

Adéwálé Atlanta

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ariwo jẹnẹrétọ̀ ti sú èmi ní tèmi. Bátìrì lítíọ́mù àti inverter ni mo fi rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀ mi. Síbẹ̀, kí n má tan Àdùkẹ́ jẹ: amúlétutù tí ó ń lo 1,500 wáàtì yóò fa ju ampere 125 lọ lára bátìrì 12 volt, alternator tí ó bá ọkọ̀ wá kò sì lè máa pèsè iyẹn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìjóná. Ẹni tí ó bá ni ọkọ̀ tirẹ̀ lè náwó sórí ìyẹn. Fún ọkọ̀ àyálò, ẹ lo jẹnẹrétọ̀ yín.

Àdùkẹ́ Houston

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ti ka gbogbo rẹ̀, ó ní òun gbà bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá jẹ́ kí òun wo sàléńsà fúnra òun. Ìbéèrè kan ṣì kù: ọ̀rẹ́ wa kan fẹ́ yá wa ní jẹnẹrétọ̀ kékeré alágbèéká, kí a so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí a lè máa lò ó bí ti inú ọkọ̀ bá kọ̀ṣẹ́. Ṣé a lè tan ìyẹn náà bí a ṣe ń lọ?

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Rárá o. Wọn kò ṣe ìyẹn fún ọkọ̀ tí ń mì. Epo lè dà sórí sàléńsà rẹ̀ tí ó gbóná, ẹ̀yìn gan-an tí Nọ́ọ̀sì Dallas sọ pé afẹ́fẹ́ ń yí padà sí sì ni yóò wà. Bí ti inú ọkọ̀ bá kọ̀, ẹ ta kọ́tìnì sẹ́yìn ìjókòó àwọn ọmọ, kí Màmá bọ́ sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ẹ fi fáànù kékeré ti afẹ́fẹ́ dáṣíbọọ̀dù sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, kí ẹ sì máa rìn láti ìdájí títí di ọ̀sán kí oòrùn tó le.