Ẹ gbà mí o, báwo lẹ ṣe ń mọ dókítà tó ń gé awọ ikùn tó kọ́ṣẹ́ lóòótọ́?

Ìyá Mẹ́ta Àjàṣẹ́: Ẹ kú àárọ̀ o. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àbíkẹ́yìn ti ń lọ ọdún mẹ́rin, mi ò bímọ mọ́, àmọ́ ikùn ò padà sípò, awọ rẹ̀ so rọ̀ bí àpò òfìfo, mo ti sáré títí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando ní ìdájí tí àwọn zem ọlọ́kadà ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó kọ̀. Ni mo bá rí dókítà kan lórí TikTok, Èkó ló wà, ó ń gé awọ ikùn, ó tún ń fa ọ̀rá, fọ́tò rẹpẹtẹ. Wọ́n ní kí n fi ìdajì owó ránṣẹ́ kó tó di Jímọ̀ torí iye máa lọ sókè. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó kọ́ṣẹ́? Ẹ má bú mi jàre.

Nọ́ọ̀sì Kétu: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì fi fránkì kan ránṣẹ́. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gba orúkọ rẹ̀ lódindi, èyí tó wà lórí ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe ti TikTok. Ní Nàìjíríà, MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn dókítà, ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń tún láísẹ́ńsì wọn ṣe, lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, Ordre des Médecins ni. Ṣùgbọ́n pé orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ ò sọ pé ó mọ awọ gé o, dókítà tó ń tọ́jú ibà náà wà nínú ìwé yẹn. Ẹ bi í níbi tó ti kọ́ chirurgie plastique, iṣẹ́ abẹ tó ń tún ara ṣe, àti iye ọdún tó fi kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ ọ parí ní Nàìjíríà ló ní FWACS tàbí FMCS lẹ́yìn orúkọ, oyè àwọn oníṣẹ́ abẹ tó kọ́ ọ dé òpin ni méjèèjì, FWACS yẹn ti West African College of Surgeons ni, orílẹ̀-èdè wa náà wà nínú ẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù: ta ló máa kùn yín lóorun? Tó bá ní òun náà ló máa kùn yín tó tún máa gé yín, ẹ gbé báàgì yín. Anesthésiste gidi, dókítà tó ń kunni lóorun, máa fẹ́ rí yín ṣáájú, á ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, électrophorèse náà, èyí tó ń sọ bóyá AA ni yín tàbí SC, torí SC, irú àìsàn sickle cell kan, wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn kan sì ń gbé e kiri láìmọ̀.

Bàbá Ṣábẹ: Ikùn tó gbé ọmọ mẹ́ta, kí ló ṣe é? Ẹ fi owó yẹn ra màlúù.

Ìyá Mẹ́ta Àjàṣẹ́: Bàbá, ẹ ṣé o, mi ò béèrè màlúù 😂

Ṣadé Kútọnu: Tunis, ní Tùnísíà, ni mo ti ṣe tèmi. Dókítà yẹn dáa, ó kọ́kọ́ fọwọ́ fa awọ ikùn mi wò, ó rí kélóìdì, àpá tó wú, tó wà létí mi níbi tí wọ́n ti lu ú, ó ní ojú abẹ náà lè wú bẹ́ẹ̀, ó wá ní kí n lọ rò ó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó gé mi tán, ìgbà tí mo délé ni ojú abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, mo gbé e lọ sí kílíníìkì kan, wọ́n ní àwọn kọ́ làwọn gé e, mo sunkún lọ́jọ́ náà. Nítorí náà ẹ bi wọ́n pé ta ló máa tọ́jú ojú abẹ lẹ́yìn tí ẹ bá padà, ọsibítù wo ni wọ́n máa gbé yín lọ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Ẹ má sì jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí méloò kan ní bọ́dà kété tí wọ́n gé yín tán, ẹ̀jẹ̀ lè dì lẹ́sẹ̀ kó sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ti Jímọ̀ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ní Faransé, òfin ní ọjọ́ 15 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwé iye owó àti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọn ò sì gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ abẹ láàárín ẹ̀. Tiyín ń lé yín bí ẹni ń ta tòmátì ìrọ̀lẹ́.

Nọ́ọ̀sì Kétu: Tí wọ́n bá tún ní àwọn á fi ọ̀rá yẹn sí ìdí yín, ẹ sá. Tó bá wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà níbẹ̀, ó lè pààyàn lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Mẹ́ta Àjàṣẹ́: Mo bi wọ́n lórúkọ anesthésiste. Wọ́n ti rí i láti àná, àmì búlúù méjì, wọn ò fèsì. Ta lẹ mọ̀ ní Kútọnu tí mo lè lọ rí lójúkojú?