Màlúù wo ló ń fara da ooru? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Holstein méjì (màlúù oníwàrà) àti Brahman mẹ́rin (màlúù oníké) ni mo kó pọ̀ sínú pápá kan náà. Lọ́sẹ̀ tí ooru mú jù, lọ́sàn-án gangan, àwọn Brahman ń jẹko lọ bí ẹni pé oòrùn ò ràn. Àwọn Holstein dúró gbagidi ti ọpọ́n omi, wọ́n lanu, itọ́ ń ṣe tòò sílẹ̀, wọn ò jẹ́ dùbúlẹ̀. Mo ní àìsàn ti wọlé dé. Dókítà ẹranko wo ìhà ọ̀kan, ó ka èémí rẹ̀: ó lé ní 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ara tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 38.5°C ti kọjá 40. Ó ní ooru ni. Wàrà wọn sì ti dín kù fún ọjọ́ mélòó kan, èmi ń bú ẹni tó ń fún un!

Àlàyé tó ṣe wọ̀ mí létí. Irun Brahman kúrú, ó ń dán, awọ rẹ̀ tú, ó sì máa ń làágùn dáadáa. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sì í mú ooru jáde púpọ̀. Ṣùgbọ́n Holstein tó ń fún wàrà rẹpẹtẹ, oúnjẹ tó ń dà nínú rẹ̀ dà bí ààrò tí wọn ò paná rẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, tèmi tún burú. Mo rọ omi lé àwọn Holstein mi lórí nínú ilé tí atẹ́gùn ò ti wọlé. Ọ̀rinrin gba gbogbo ibẹ̀, mímí wọn wá le sí i. Ìgbà tí mo fọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ kan, tí mo gbé fáànù síbẹ̀, ni omi yẹn tó wúlò. Jersey mi kan ṣoṣo (òun náà màlúù oníwàrà) tó wà láàárín wọn ò tiẹ̀ mí tó wọn.

* * *

Ẹ má fi iké tan ara yín jẹ o. Ẹnìkan sọ fún mi pé omi ló wà nínú rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ (ojú ń tì mí). Ẹran àti ọ̀rá ni! Omi tán nínú ọpọ́n àwọn oníké mi lọ́jọ́ kan, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀kan ti wó lulẹ̀. Ó dìde ṣá.

Angus dúdú (màlúù ẹlẹ́ran) ni mo tún ní, oòrùn ń jó wọn ju àwọn tó pupa lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń fún wọn lóúnjẹ báyìí, kí ooru tó ń ti inú wọn wá má baà pàdé oòrùn ọ̀sán.

* * *

Ẹ ṣé gan-an. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń da Senepol (màlúù onírun kúkúrú) pọ̀ mọ́ Holstein kí irun ọmọ wọn lè kúrú. Ta ló ti ní irú rẹ̀ níbí? Ṣé wàrà rẹ̀ pọ̀?