Ìsinmi iléèwé ti dé: eré wo la lè jọ ṣe nílé tí àwọn ọmọ á fi máa kọ́ nǹkan?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà làwọn ọmọ mi máa fi wà nílé. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 9, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 7, àbíkẹ́yìn ń lọ sí 4. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba ìsinmi, mo fa ìlà sínú ìwé, mo kọ wákàtí ìṣirò àti wákàtí ìwé kíkà sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọjọ́ kẹta ló di ẹkún. Èyí àgbà ní, "Mọ́mì, ṣé ìsinmi kọ́ ni wọ́n fún wa ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí òótọ́ ló sọ. Mo já ìwé náà kúrò lára ògiri.

Láti ìgbà náà, fóònù ni wọ́n ń jí bá, òun náà ni wọ́n ń sùn tì. Mi ò fẹ́ kí ohun tí wọ́n ti kọ́ parẹ́ kí wọ́n tó wọlé padà, mi ò sì fẹ́ sọ ilé di iléèwé kejì. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń bá àwọn ọmọ yín ṣe? Ohun tí èmi àti bàbá wọn á lè bá wọn dá sí ni mo ń wá.

Bàbá Ìbejì

Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Mọ́mì. Tẹ́ ẹ bá ní Lúdò nílé, ẹ yọ dáìsì méjì níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà 2 títí dé 12 sí ìsàlẹ̀ ìwé kan, kẹ́ ẹ fa ojú mẹ́wàá sókè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ọ̀nà tí wọ́n fi ń sáré ìje. Kí oníkálukú mú nọ́ńbà tiẹ̀. Ẹ da dáìsì, ẹ ro méjèèjì pọ̀, nọ́ńbà tó bá jáde á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dókè ló jẹ.

Táyé tèmi yára mú 12, ó ní òun ló tóbi jù. Kẹ́yìndé mú 7. Ìgbà tí 7 fi máa dókè, ẹsẹ̀ kan péré ni 12 tíì gbé. Táyé fajú ro. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mo ní kó kọ gbogbo ọ̀nà tí dáìsì méjì lè gbà fún wa ní 12. Ó kọ 6 àti 6, ó wò títí, kò rí òmíràn. Mo ní kó kọ ti 7. Ó kọ 1 àti 6, 2 àti 5, 3 àti 4, ó wá rí i pé tí dáìsì bá pààrọ̀ ipò, mẹ́ta mìíràn tún wà. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, 7 ní mẹ́fà, 12 ní ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tá a tún máa ta á, Kẹ́yìndé ti sáré gba 7. Táyé rọra ronú, ó ní òun mú 8. Inú mi dùn dọ́ba, torí 6 àti 8 ló tẹ̀ lé 7 lóòótọ́.

Alájọbí

Ẹ wá olùkọ́ tó máa wá kọ́ wọn nílé. Wákàtí méjì lójúmọ́, ó parí.

Olùkọ́ Tó Fẹ̀yìntì

@Alájọbí, ẹ má bínú o. Ọmọ tí kò mọ̀wé kà dáadáa lè nílò olùkọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Mọ́mì yìí béèrè ni ohun tí gbogbo wọn á jọ ṣe.

Mọ́mì, ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀ dalẹ́. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kan gbé òkúta sí ibi tí orí òjìji ọ̀pá náà dé, kó sì kọ aago sára òkúta náà. Kí wákàtí tó ń bọ̀ tó pé, ẹ bi wọ́n pé, "Níbo ló máa dé?" Kí kálukú fìka hàn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà. Tí wọ́n bá ṣì í, ẹ má yára tọ́ wọn sọ́nà, ẹ jẹ́ kí òjìji fúnra rẹ̀ dá wọn lóhùn. Kí ẹnikẹ́ni má tẹjú mọ́ oòrùn o, ó ń ba ojú jẹ́.

Ìyá Kékeré

Tí òjò bá ń rọ̀ tẹ́ ẹ wà nínú ilé, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí mànàmáná bá kọ títí àrá á fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan sí ibi tí mànàmáná ti kọ. Ọmọbìnrin mi tó máa ń sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń kà á fún wa báyìí.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà

Ẹ fi tíṣù tútù sínú ìgò tó mọ́ gaara, kẹ́ ẹ ki hóró ẹ̀wà méjì sáàárín tíṣù àti ara ìgò. Tí gbòǹgbò bá ti yọ, tó gùn bí ìka ọmọdé, ẹ dá ìgò náà dùbúlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí orí gbòǹgbò á fi tẹ̀, á tún dojú kọ ilẹ̀. Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, àti ọmọ rẹ̀ Francis ló jọ ṣèwádìí irú nǹkan báyìí lára ewéko, wọ́n sì tẹ ìwé lé e lórí lọ́dún 1880. Bàbá àti ọmọ ni o!

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ẹ ṣé gan-an ni. A ri ọ̀pá lánàá. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó béèrè fóònù. Ṣùgbọ́n èyí ọlọ́dún 7 ní òjìji kò kúrú jù ní aago 12 gẹ́ẹ́ bí òun ṣe rò. Ó ní, "Ṣé aago wa ò dáa ni?" Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.

Olùkọ́ Tó Fẹ̀yìntì

Ẹ bá mi kí i, ó káre! Aago wọn dáa. Àdéhùn ni aago, agbègbè ńlá kan ló ń lo ẹyọ kan. Oòrùn kì í dé ọ̀gangan orí gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, torí ayé ń yí. Ẹ fi ọsàn àti tọ́ọ̀ṣì hàn án nínú òkùnkùn, á rí i fúnra rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Alẹ́ òní la máa ṣe é. Àbíkẹ́yìn ti kó òkúta mẹ́ta lọ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kí ni mo lè fún òun náà ṣe?

Ìyá Kékeré

Ẹ kó ìbọ̀sẹ̀ gbogbo ilé jọ síwájú rẹ̀, kó máa wá èkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹyọ kan tí kò lékejì sí i, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣe.