Ajá ń ju ìrù, ṣé inú ẹ̀ ló ń dùn ni? Ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ìyá Ìbejì Ògo-Olúwa:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo bá wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa, la bá jọ ya ilé aládùúgbò wa kan tó ní ajá ńlá Alsatian, bá a ṣe wọlé ni ajá dìde tó ń ju ìrù, onílé ní "ẹ máa bọ̀ jàre, ẹ ò rí i pó ń ju ìrù ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Àmọ́ ìrù yẹn ò rọ̀ o, ó nà ró ṣánṣán bí ọ̀pá eríà, ṣóńṣó ẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n, gbogbo ara tó kù le gbagidi, ó pa ẹnu dé, ó tẹjú mọ́ ọmọ yẹn kò ṣẹ́jú. Mo kàn fa ọmọ sẹ́yìn mi ni. Bọ́mọ ṣe fẹ́ yọjú báyìí ni ajá fò mọ́ wa, ọpẹ́lọpẹ́ ṣéènì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá, kí lẹ ti rí?

Ọmọ Ìlú Aró:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fà á sẹ́yìn mà. Tó bá jẹ́ ti ìdùnnú, ìdí ajá gan-an á máa bá ìrù jó ni, ara á rọ̀, ẹnu á là díẹ̀. Kódà lọ́dún 2007 àwọn onímọ̀ kan ní Ítálì wò ó, wọ́n rí i pé tí ajá bá rí olówó ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ajá fúnra ẹ̀ ni ìrù máa ń fì sí jù, tó bá wá jẹ́ ajá míì tí ò mọ̀ tó sì ń fagbára hàn, ó di ọwọ́ òsì. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró máa wo ọ̀tún àti òsì nígbà tí ajá ń bọ̀, ara tó rọ̀ àbí ara tó le ni kẹ́ ẹ máa wò.

Bàbá Bingo:
Èmi o, ẹni tó ń na ajá torí pé ó kùn ló máa ń bí mi nínú. Ọkùnrin kan wà nílé tá a ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, ajá ẹ̀ máa ń kùn téèyàn bá ti sún mọ́ abọ́ oúnjẹ ẹ̀, ló bá ń fi pàṣán lù ú pé ajá ò lẹ́kọ̀ọ́. Ajá gbọ́ o, kò kùn mọ́. Ó wá dọjọ́ kan tí ọmọ ọkùnrin náà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ yẹn, gbàmù, ó bù ú jẹ lápá, kò kùn, kò gbó. Wọ́n ní ajá ti ya wèrè. Wèrè wo, ṣebí ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ni! Kíkùn yẹn ló fi ń sọ pé ẹ fi òun sílẹ̀. Kó tó kùn pàápàá á ti sọ ọ́ títí, á máa lá imú láìjẹ nǹkan, á máa yán nígbà tí oorun ò kùn ún, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí funfun ojú ẹ̀ máa yọ, á wá dúró gan lórí abọ́. Ìgbà tó bá dúró gan yẹn, ẹ kúrò níbẹ̀.

Àbíkẹ́ Òkè-Fìà:
Ṣùgbọ́n tèmi mọ̀ tó bá ti ṣẹ̀ o! Tó bá ti ya bàtà mi, bí mo ṣe ń wọlé báyìí á ti dorí kodò, á máa yọ́ lọ sábẹ́ tábìlì. Ẹ̀rí ọkàn ni.

Ọmọ Ìlú Aró:
Àǹtí Àbíkẹ́, ojú yín ló ń wò. Alexandra Horowitz, onímọ̀ nípa ìwà ajá ní Amẹ́ríkà, dán an wò, ó gbé e jáde ní 2009. Wọ́n ní kí olówó ajá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ kan, kó wá jáde, nígbà míì wọ́n á parọ́ fún un pé ajá ti jẹ ẹ́. Ojú "mo jẹ̀bi" yẹn, ìgbà tí wọ́n bá bá ajá wí ló ń yọ, bó jẹ bí ò jẹ. Àwọn tí ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án gan-an lojú wọn tún burú jù tí wọ́n bá bá wọn wí.

Àbíkẹ́ Òkè-Fìà:
Ahn ahn. Bàtà mi wá lọ lásán nìyẹn 😂

Ọmọ Òròkí:
Ẹ jẹ́ ká dórí bángà December jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ajá wa á máa mí hẹlẹhẹlẹ nínú ọyẹ́, á máa gbọ̀n, á ki ìrù bọ abẹ́. Dádì ní ká so ó mọ́ ìta kí ariwo yẹn lè mọ́ ọn lára, mo ní rárá sà. Mo ti fèrèsé, mo tan fáànù àti rédíò, mo jókòó tì í. Wọ́n ní mò ń bà á jẹ́, ṣé wọ́n máa ń fi ìpẹ̀ kọ́ èèyàn ní ẹ̀rù ni?

Ìyá Ìbejì Ògo-Olúwa:
Bàbá Bingo, ọmọ tí ajá bù jẹ yẹn ńkọ́? Dìgbòlugi ò gbóògùn mọ́ o tó bá ti fojú hàn.

Bàbá Bingo:
Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà, ó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé. Ajá ti wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì ní Ìlobùú báyìí. Ẹni tó gbà á kì í dé ìdí abọ́ ẹ̀ tó bá ń jẹun, ajá yẹn ò sì tíì bu ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti tún ń kùn.