Steel Rolling Òṣogbo: kí ló pa á gan-an?

Ọmọ Ìlú Aró: Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ Steel Rolling, ilé iṣẹ́ rọ́ọ̀dù ìkọ́lé tó ti kú l'Óṣogbo, dáadáa, kó wá là wá lọ́yẹ̀. Wọ́n ní àìsí iná ló pa á.

Bàbá Rólà: Iná kọ́ ló kọ́kọ́ pa á. Wọn kì í yọ́ irin níbẹ̀ rárá. Bílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìtì irin tí wọ́n ti yọ́, ni wọ́n ń kó wá láti ilé iṣẹ́ irin Aladja lẹ́bàá Warri, wọ́n á mú un gbóná nínú ìléru títí á fi pọ́n, rólà, àwọn ọ̀pá irin ńlá tó ń yí, á wá tẹ̀ ẹ́ di rọ́ọ̀dù. Ẹ ṣírò rẹ̀. Aladja yẹ kó máa yọ́ 1,000,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún: 320,000 fún rólà tirẹ̀, 210,000 fún Òṣogbo, iye kan náà fún Jos, iye kan náà fún Katsina. Aladja dúró, gbogbo wọn dúró.

Àbẹ̀kẹ́: Kí ló wá dá Aladja dúró?

Bàbá Rólà: Òkúta irin. Òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, sì dé ní 1986, náírà já wálẹ̀. Òkúta irin Itakpe ní Kogi ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀, àmọ́ 2020 ni wọ́n tó ṣí ojú irin Itakpe sí Warri.

Alágbẹ̀dẹ: Ẹ má fojú kéré iná o. Bó bá lọ nígbà tí irin wà lẹ́nu rólà, ibẹ̀ ló máa tutù sí, gáàsì ni wọ́n á fi gé e jáde. Bílẹ́ẹ̀tì tó bá pẹ́ jù nínú ìléru, èèpá á jẹ ẹ́, á fúyẹ́. Bíríkì inú ìléru ló burú jù: bó bá ń gbóná tó tún ń tutù léraléra, á sán. Àtitàn án padà, ọjọ́ mélòó kan ni, díẹ̀díẹ̀, títí á fi tó bíi 1,150 sí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Àbẹ̀kẹ́: Ọ̀rọ̀ bíríkì yẹn, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́!

Oníkòǹdẹ̀mù: Kí ni wọn ò fi yọ́ kòǹdẹ̀mù, àlòkù irin, bíi tàwọn ilé iṣẹ́ irin Ìkòròdú?

Alágbẹ̀dẹ: Yíyọ́ tọ́ọ̀nù kan ń jẹ bíi 500 sí 600 yúnítì iná. Ẹni tí kò rí iná yí irin, níbo ló ti máa rí ti yíyọ́? Bàbà tó bá sì bá kòǹdẹ̀mù wọlé kì í jáde mọ́, irin náà á máa là lẹ́nu rólà.

Ọmọ Ìlú Aró: Àṣé ìyẹn ló ń sọ rọ́ọ̀dù ayé ìsinsìnyí di tín-ín-rín.

Bàbá Rólà: Rárá o! Rólà tó bá ti jẹ, rọ́ọ̀dù tó sanra ló ń yọ. Bẹ́ ẹ bá rí èyí tó tín-ín-rín, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún rólà pọ̀ ni. 12mm tó gùn ní mítà 12 yẹ kó wọn kílò 10.7, 93 ló yẹ kó wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí wọ́n bá ka 110 fún yín, ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n.

Oníkòǹdẹ̀mù: 16mm ńkọ́?

Bàbá Rólà: 52.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ jẹ́ ká padà sí Òṣogbo. Ṣé ó ṣì lè jí?

Alágbẹ̀dẹ: Kí wọ́n kọ́kọ́ wo bíríkì àti mọ́tò rólà. Kí wọ́n sì sọ ibi tí bílẹ́ẹ̀tì yóò ti máa wá, kí ẹnikẹ́ni tó náwó sí ìyókù.